Ẹlẹ́rìí Inú Ìgò

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2008, obìnrin mẹ́rin láti Nàìjíríà sáré ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing, nínú eré onímítà ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin tí asáré kan ti máa ń fi ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 43.04 ni wọ́n fi sá a, ipò kẹta ni wọ́n sì ṣe, lẹ́yìn Rọ́ṣíà àti Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n gba idẹ, wọ́n wálé. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó gbé ìgò ìtọ̀ ọ̀kan nínú àwọn asáré Rọ́ṣíà, Yuliya Chermoshanskaya, jáde níbi tí wọ́n ti mú un dì pamọ́. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì bá stanozolol àti turinabol nínú rẹ̀, oògùn amáralókun méjì tó wà lára ìdílé tí wọ́n ń pè ní steroid. Wúrà bọ́ lọ́wọ́ àwọn Rọ́ṣíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, idẹ tiwa di fàdákà. Lọ́dún 2017, irú àyẹ̀wò kan náà tú àṣírí Tatyana Lebedeva tó ṣe ipò kejì nínú eré fífò gígùn ní Beijing, fàdákà rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Blessing Okagbare, ẹni tó ti gba idẹ tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2021, lọ́jọ́ tó yẹ kí Okagbare fúnra rẹ̀ sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá onímítà ọgọ́rùn-ún ní Tokyo, ni wọ́n kéde pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ 19 oṣù náà ní Slovakia fi hàn pé omi ìdàgbàsókè ara tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì tún fi ọdún kan lé e. Ọwọ́ tó fún un ní fàdákà náà ló gba pápá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí gbé dìde ju ti eré ìdárayá lọ. Irú ẹ̀rí wo ni ẹ̀rí tí ìgò ń jẹ́, ṣé ó sì tó láti fi dá ọmọ ènìyàn lẹ́jọ́? Lágbègbè wa yìí, láti Òtò àti Oyingbo títí dé àdúgbò pápá ìṣeré ńlá Surulere, níbi tí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti wáyé lọ́dún 1973, ìdáhùn kan wà tó máa ń yá lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn, Kristẹni àti Mùsùlùmí: Ọlọ́run nìkan ló mọ ọkàn, ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún un. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ọkàn. Ohun tí mi ò gbà ni pé ìyẹn bọ́ ẹ̀rí jíjẹ́ kúrò lọ́rùn wa. Ọ̀rọ̀ ara ni ilé àyẹ̀wò ń jẹ́rìí sí, kì í sọ̀rọ̀ lórí ọkàn, bí kò sì ṣe kọjá àyè rẹ̀ yìí ló jẹ́ kó yẹ ní gbígbà gbọ́. Ní ti ìdí tí kò fi yẹ ká pa á tì, ẹni tí wọ́n fi èrú gba ipò rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí àìmọ̀ ló bí ọ̀pọ̀ ìjiyàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Eléré ìdárayá á tọ̀ sínú ife níṣojú ẹni tí wọ́n yàn láti máa wò ó, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó mìlílítà 90, ó kéré tán. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pín in sínú ìgò méjì, A àti B, tí á sì dé wọn pa. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò kò mọ̀ bóyá ọmọ Nàìjíríà ló ni ín tàbí ọmọ Jámánì. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn máa ń so steroid mọ́ irú ásíìdì kan kó tó lè bá ìtọ̀ jáde, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ tú ìdè yẹn. Wọ́n á wá fi ooru lé ohun tó kù gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan tó gùn ní ọ̀pọ̀ mítà, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan á sì yọ lódìkejì ní àsìkò tirẹ̀. Bó bá ti ń yọ, ẹ̀rọ kejì á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á wọn èérún kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn èérún náà ṣe wúwo tó àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ dà bí ilà ojú: ẹni tó bá mọ àbàjà kò ní ṣì í pè ní pélé. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ dán irú àyẹ̀wò steroid kan wò ní ìdíje Kọ́mọ́ńwẹ́lítì tó wáyé ní Christchurch, nípa ọgbọ́n tí Raymond Brooks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní London. Nígbà tó di Òlíńpíìkì Montreal ọdún 1976, ó ti di òfin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2008 àti 2016. Ìtọ̀ inú ìgò Chermoshanskaya kò yí padà. Ohun tí turinabol ń fi sílẹ̀ nínú ara fún ìgbà pípẹ́ ni wọn kò tíì mọ̀ ní 2008. Ọdún 2012 ni ìmọ̀ nípa rẹ̀ tó jáde. Ẹlẹ́rìí ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a ò mọ ìbéèrè tó yẹ ká bi í.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ló sì fi ń rẹ ara wọn lẹ́kún. Àmọ́ òwe náà kò ṣèlérí pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà. Ní Sydney lọ́dún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá eré onímítà irinwó lọ́nà mẹ́rin fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 58.68. Amẹ́ríkà ló ṣáájú wọn. Ìdíje Sydney yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ oògùn amáralókun sínú ìbúra tí eléré ìdárayá kan máa ń ṣe lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Antonio Pettigrew ọmọ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ìbúra náà dè, bẹ́ẹ̀ ó ti ń lo oògùn láti 1997, kò sì sí àyẹ̀wò kan tó mú un. Oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ló tó jẹ́wọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ ní San Francisco, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kóòṣì rẹ̀, Trevor Graham. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì fi máa gbé wúrà fún Nàìjíríà, ó ti di oṣù Keje ọdún 2012. Sunday Bada ti kú lóṣù Kejìlá ọdún 2011. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ipò kìn-ín-ní lágbàáyé, ó sì wọ ilẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ipò kejì. Ẹni tó bá ní ká máa dúró de ìdájọ́ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ sọ fún wa ohun tí Bada rí gbà nínú ìdúró yẹn níhìn-ín. Mi ò sọ pé Ọlọ́run kò dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹjọ́ tiwa, èyí tó wà níkàáwọ́ wa, ni a dá pẹ́.

Ìtàn Pettigrew tún kọ́ wa ní nǹkan kan nípa ìbúra. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn á fẹnu kan irin, á fi Ògún búra. Títí di òní olónìí, ẹni tí kò bá fẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì ṣì lè fi irin búra ní kóòtù wa. Ìbúra a máa jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń búra bá ń bẹ̀rù ohun tó fi búra. Ní Sydney, kò sí ìbẹ̀rù, ìbúra di afẹ́fẹ́. Ní San Francisco, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níwájú fún ẹni tó bá purọ́, òtítọ́ sì jáde. Ohun tí ilé àyẹ̀wò fi yàtọ̀ ni pé kò nílò ìbẹ̀rù ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìdí rèé tí kò fi lè rọ́pò ìbúra pátápátá, tí ìbúra náà kò sì lè rọ́pò rẹ̀: ẹ̀rọ kò mú Pettigrew, ẹnu ènìyàn ló mú un, ìbúra kò mú Chermoshanskaya, ẹ̀rọ ló mú un. Bíbélì àti Kùránì pẹ̀lú kì í fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́ tó bá wúwo. Ẹnì kan lè rò pé ìgò B ló dí àlàfo ìyẹn, ṣùgbọ́n inú ife kan náà ni A àti B ti wá. Bíbi ẹlẹ́rìí kan náà léèrè lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ̀rí kejì tòótọ́ gbọ́dọ̀ wá láti ibòmíràn: lẹ́tà, owó tí wọ́n san, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ènìyàn tó rí i. Nínú ọ̀ràn Okagbare, ìyà ọdún mẹ́wàá náà pín sí méjì: ọdún márùn-ún fún oògùn tí wọ́n bá lára rẹ̀, ọdún márùn-ún fún kíkọ̀ láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn olùwádìí. Ìgò nìkan kọ́ ló dá a lẹ́bi.

Àtakò tó le jù lọ ni ti èrò ọkàn. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, orí àníyàn ni iṣẹ́ dúró lé, Kristẹni náà sì gbà pé inú ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wá. Òfin àyẹ̀wò kò wo ìyẹn: ohun tí wọ́n bá nínú ìtọ̀ rẹ, ìwọ lo ni ín, ìbáà jẹ́ pé o mọ̀ tàbí o ò mọ̀. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Láàárín 2000 àti 2001, àwọn olùwádìí ní Cologne yẹ oríṣiríṣi àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún eléré ìdárayá wò, wọ́n jẹ́ 634, wọ́n sì bá steroid tí a kò kọ sára páálí nínú ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí òfin ti múlẹ̀, kí ni ká sọ nípa àgbo tí ọmọkùnrin tó ń gbé irin ní Mushin rà nínú ike láìsí àkọlé? Ní Glasgow lọ́dún 2014, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan tó gba wúrà fún Nàìjíríà nínú eré gbígbé irin pàdánù rẹ̀ nítorí pé wọ́n bá oògùn amúnitọ̀ lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo oògùn mìíràn mọ́lẹ̀. Ta ló lè sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló dá a rò, tó dá a rà, tó dá a mu?

Síbẹ̀, ohun méjì ló pọ̀ mọ́ra nínú àtakò náà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹjọ́ kan wà lórí àmì ẹ̀yẹ, òmíràn wà lórí ènìyàn. Bí mo bá ra ẹrù olè láìmọ̀, mi ò jalè, ṣùgbọ́n ẹrù náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Dika Toua ti Papua New Guinea ló yẹ kó gba wúrà Glasgow yẹn, òun náà ló sì padà gbà á. Àìmọ̀kan ọmọ tiwa kò lè sọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ di òfo. Ìdájọ́ lórí àmì ẹ̀yẹ lè dúró lórí ìtọ̀ nìkan. Ìdájọ́ lórí ènìyàn, ọdún mélòó ni ká fi dè é, irú orúkọ wo ni ká máa pè é, ìyẹn gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó mọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹni tó fi í sábẹ́. Òfin àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021 ti ń ro ti ọmọdé mọ́ ọn díẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé níbí, bí wọ́n bá ti lé ọmọ náà kúrò lórí pápá, a kì í wá ẹni tó fún un lóògùn mọ́. Ilé àyẹ̀wò parí iṣẹ́ tirẹ̀, àwa ò bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ òyìnbó ni, ara òyìnbó ni wọ́n sì fi díwọ̀n rẹ̀. Nígbà kan, òótọ́ wà nínú èyí. Testosterone wà lára gbogbo ènìyàn, nítorí náà bíbá a nínú ìtọ̀ kò sọ ohunkóhun. Manfred Donike ní Cologne ló mú ọgbọ́n wá pé kí wọ́n fi í wé kẹ́míkà kejì rẹ̀, epitestosterone: tí ti àkọ́kọ́ bá ju ìlọ́po mẹ́fà ti èkejì lọ, ẹ̀sùn dé. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin lọ́dún 2005. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 wá fi hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọkùnrin Kòríà tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò ní jíìnì kan tó ń jẹ́ kí testosterone bá ìtọ̀ jáde dáadáa, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin Swídìnì, irú wọn kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní jíìnì yẹn lè lo oògùn kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì kọjá mẹ́rin. Nítorí náà, láti 2014, ìwé àkọsílẹ̀ ara ni wọ́n ń lò: ìwọ̀n olúkúlùkù lónìí ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀n rẹ̀ ní àná. Yorùbá ti gbà tipẹ́ pé orí tí olúkúlùkù yàn wá yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà dé ibẹ̀ lọ́nà tirẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kábọ́nù tó wà nínú ara wa kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Àgbàdo, ìrèké àti ọkà bàbà ní púpọ̀ nínú èyí tó wúwo ju sóyà àti iṣu lọ. Testosterone ilé iṣẹ́, ara ohun ọ̀gbìn bíi sóyà ni wọ́n ti ń mú un jáde. Iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, Russell Marker, fi bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1940. Èyí tí ara ṣe fúnra rẹ̀ á gbé àmì gbogbo oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ, ẹ̀kọ, ẹran, àmàlà. Ẹ̀rọ tó ń wọn kábọ́nù á mú testosterone inú ìtọ̀, á fi wé kẹ́míkà mìíràn tí ara ẹni náà ṣe, nínú ìtọ̀ kan náà. Bí oúnjẹ rẹ bá jẹ́ ẹ̀kọ láti kékeré, méjèèjì ló yẹ kí wọ́n gbé àmì ẹ̀kọ. Bí ọ̀kan bá gbé e tí èkejì ò gbé e, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ìyẹn ti wá. Kò sí òyìnbó kankan nínú ìwọ̀n yẹn.

Ẹlòmíràn á rán wa létí pé àwọn baba wa ń de ìgbàdí kí wọ́n tó wọ agbo ìjàkadì, pé kò sí ẹni tó yẹ ìtọ̀ wọn wò. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bá wọn jà mọ̀, òun náà ti dè é wá. Àdéhùn agbo nìyẹn. Agbára kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, dída àdéhùn ni. Ẹni tó bá sì ní ká kúkú fún gbogbo ènìyàn láyè kí wọ́n máa lò ó, kí ó lọ ka ohun tí turinabol yìí kan náà ṣe ní Ìlà Oòrùn Jámánì. Láti nǹkan bí 1970 sókè, ìjọba ló ń fi í fún àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì bàlágà, láìsọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ohùn wọn yí padà, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi àyè gbà á, ẹni tí kò fẹ́ náà á lò ó, torí kò ní rí ibi tí á dúró sí mọ́.

Wọ́n sì lè ra ilé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Grigory Rodchenkov, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò Moscow nígbà kan, wà lára àwọn tó ṣàwárí ohun tí turinabol ń fi sílẹ̀ nínú ara, ìmọ̀ tó dá fàdákà padà fún wa. Òun kan náà ló jẹ́wọ́ lọ́dún 2016 pé ní Òlíńpíìkì Sochi ọdún 2014, wọ́n ń gba ihò ara ògiri pààrọ̀ ìgò ìtọ̀ lóru. Èyí kò sọ ẹ̀rí ìgò di asán. Ó sọ pé ẹni tó ń tọ́jú ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2021, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó kéde ti Okagbare, ni wọ́n sọ pé eléré ìdárayá Nàìjíríà mẹ́wàá kò ní lè díje ní Tokyo. Wọn ò bá oògùn kankan lára wọn. Àyẹ̀wò mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn láìsọ tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá ni kò pé. Àwọn ọmọ náà dé Tokyo, wọ́n gbé páálí sókè nínú ìlú, wọ́n ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọ̀ràn yìí ló yí èrò mi padà jù lọ, torí ìyà ni mo ti máa ń rò pé àyẹ̀wò jẹ́ fún eléré ìdárayá. Fún àwọn mẹ́wàá yìí, ẹ̀tọ́ ló jẹ́, ẹ̀tọ́ tí àwọn tó yẹ kó ṣe é fún wọn fi dù wọ́n. Olóòótọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà kò ní ilé àyẹ̀wò kankan tí WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn amáralókun lágbàáyé, fọwọ́ sí. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé ìgò wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà sì ń lò ó láti fi mọ oògùn ayédèrú. Ohun tó kù ni owó, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn eléré ìdárayá ní ìdájí, láìránṣẹ́ ṣáájú, ní Surulere àti níbi gbogbo tí wọ́n bá ń gbé.